Òwú Màmá Ileana

Langley Park, Maryland,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹrin, 1997.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ìyá Déolú,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti òkèèrè. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Àwa náà wà láàyè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀, ẹ̀yin nìkan sì ni mo lè sọ ọ́ fún.

Ẹ rántí Màmá Ileana, arúgbó ará Ròmáníà tí mo ń lọ tọ́jú ní Glenn Dale. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ń gbé ní Kalifóníà, ó sì ti tó ọdún mẹ́ta tó ti yọjú sí i kẹ́yìn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, bí mo ṣe wẹ̀ fún un tán, ó fa ọwọ́ mi, ó so òwú tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ọn, pupa àti funfun tó fọwọ́ ara rẹ̀ lọ́ pọ̀. Ó ní mátíṣọ̀ ni wọ́n ń pè é nílùú àwọn, òun ni wọ́n fi ń kí ara wọn kú ìparí òtútù. N óò wọ̀ ọ́ títí oṣù á fi parí, ká wá jọ lọ so ó mọ́ igi tó bá ń rúwé. Ó ní, “Ọmọ mi ló yẹ kí n so ó fún, àmọ́ ìwọ lo wà níbí.” Omi bọ́ lójú mi.

Lọ́jọ́ kejì, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Temple Hills, Bàbá Mobáyọ̀, ọkọ mi, rí i. Ẹ mọ̀ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í jẹ díákónì. Ó pariwo níwájú gbogbo ìjọ pé, “Ta ló so oǹdè mọ́ ọ lọ́wọ́?” Mo ṣàlàyé, ṣàlàyé. Ìyàwó pásítọ̀ ní àjẹ́ ni ìyá òyìnbó náà. Bàbá Mobáyọ̀ fúnra rẹ̀ ló mú sísọ́ọ̀sì, tó gé e.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó tẹ iléeṣẹ́ wa láago pé n kò ní lọ sí ilé yẹn mọ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo dúró sí. Mo lè gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. N kò gbà á. Ẹnu àwọn ará ìjọ ni mò ń rò.

Wọ́n fi ẹlòmíì rọ́pò mi. Màmá kò jẹ́ kí onítọ̀hún fọwọ́ kan òun, èmi ló ń béèrè. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi dá wọ ilé ìwẹ̀, ó ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ kán. Aládùúgbò rẹ̀ ló pè mí. Kí n tó dé ọsibítù, kò dá èèyàn mọ̀ mọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ló kú.

Bàbá Mobáyọ̀ ní ṣé mo rí i pé Ọlọ́run ló yọ mí. Mò ń se oúnjẹ rẹ̀, mò ń fọ aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n n kì í bá a jókòó jẹun mọ́. Kí n má parọ́ fún yín ṣá, òun kọ́ ni mo bínú sí jù.

Ọlọ́run á dá yín sí fún àwọn ọmọ yín, wọn á sì wà nítòsí nígbà tí ọwọ́ yín bá ń gbọ̀n. Ẹ kò ní ṣubú níbi tí kò sí ẹni tó máa gbé yín dìde.

Èmi ni àbúrò yín,
Olúfọlákẹ́.

Àfikún: N kò tíì fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ tí wọ́n fi sin Màmá lánàá. Ọmọ rẹ̀ wá láti Kalifóníà. Ó dì mọ́ mi lójú gbogbo èèyàn, ó ń sunkún, ó ní, “Ẹ ṣeun tí ẹ kò fi màmá mi sílẹ̀.” Mo ní kò tọ́pẹ́.