Ìyá Fọ́ọ̀mù ti Òkè-Afa: Ìgbésí Ayé Alhaja Ìsíátù Àṣàbí Adéjùmọ̀ (1956–2026)

Ìlú Òkèhò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni a ti bí ìyá wa, Alhaja Ìsíátù Àṣàbí, ní ọdún 1956. Bàbá wọn ni olóògbé Sùlè Àkànbí, bíríkìlà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, tí púpọ̀ nínú ilé alámọ̀ tí wọ́n sọ di ilé oníbúlọ́ọ̀kù ní àdúgbò náà jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìyá wọn ni olóògbé Sẹ̀kínátù Àdùkẹ́, tí ń yọ òrí. Òrí tí màmá yìí bá yọ kì í rùn, àwọn ará Ìsẹ́yìn a sì máa wá a wá. Ọmọ mẹ́fà ni àwọn òbí náà bí. Alhaja ni ìkẹta, àwọn sì ni àkọ́bí obìnrin.

Alhaja ka Kùránì parí ní ilé kéwú, a sì ṣe wòlímọ̀ fún wọn. Ti ilé ìwé òyìnbó kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé kẹrin ni wọ́n kà dé, nítorí àbúrò wọn kan ń ṣàìsàn, kò sì sí ẹlòmíràn tí yóò máa pọ̀n ọ́n nígbà tí ìyá bá wà nídìí òrí. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé àwọn mọ̀wé ju bí èèyàn ti rò lọ, ṣùgbọ́n àwọn kò mọ̀ ọ́n tó bí àwọn ti fẹ́.

Ní ọdún 1974 ni wọ́n wá sí Ìsọlọ̀ lọ́dọ̀ àǹtí wọn, wọ́n sì ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń hun aṣọ. Ọdún méjìlá ni wọ́n fi ká òwú níbẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ ibẹ̀ ló sọ wọ́n di ẹni tí ń sọ̀rọ̀ sókè títí dọjọ́ ikú. Bí Alhaja bá ń kí ọ lójúde, ilé kẹta a dáhùn. Ní ọdún 1978 ni wọ́n fẹ́ bàbá wa, olóògbé Alhaji Rájí Adéjùmọ̀, awakọ̀ akẹ́rù, ọmọ Ìsẹ́yìn. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́rin ta wọ́n lọ́rẹ. Bàbá jáde láyé ní ọdún 1999.

Ilé búrẹ́dì tí gbogbo Òkè-Afa mọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993, pẹ̀lú ààrò kan tí wọ́n háyà. Nígbà tí wọ́n fi máa lọ sí Mẹ́kà ní ọdún 2006, òṣìṣẹ́ mẹ́tàdínlógún ló wà níbẹ̀. Kò sí èyí tí Alhaja kò mọ orúkọ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé kankan.

A fẹ́ sọ ohun tó tẹ̀ lé e yìí bó ṣe rí gan-an. Ohun tí Alhaja fúnra wọn pa láṣẹ nìyẹn.

Ní oṣù kẹta ọdún 2019, ẹ̀rọ tí ń tẹ ìyẹ̀fun pípò gbá Teslim Fákúnlé lọ́wọ́ mú. Ọmọ Ìkirè ni Teslim, ọdún mẹ́sàn-án ló sì ti fi ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì náà. Irin tó yẹ kó dáàbò bo ọwọ́ ẹni tó ń lo ẹ̀rọ yẹn ti ṣẹ́ láti bí oṣù mẹ́rin. Alhaja mọ̀. Àwọn dókítà gé ọwọ́ ọ̀tún Teslim ní ọrùn ọwọ́. Alhaja ló gbọ́ bùkátà ilé ìwòsàn, odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n sì fi gbé oúnjẹ lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kan, Memunat, ìyàwó Teslim, gba abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́ wọn, ó kúnlẹ̀, ó ní:

“Mọ́mì, ẹ ṣeun. Ọlọ́run á san án fún yín. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó fi ń wá oúnjẹ ti lọ. Àwọn kan ní òfin wà fún irú èyí. Kí ni ìwé yín sọ?”

Kò sí ìwé. Láti ọdún 2010 ni òfin ti wà pé kí agbanisíṣẹ́ forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ ìjọba, kí ó sì máa dá nǹkan díẹ̀ síbẹ̀ lóṣooṣù, kí àjọ náà lè gbọ́ bùkátà ẹni tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́, tàbí ti ẹbí ẹni tó bá kú. Alhaja, bíi púpọ̀ nínú àwọn oníṣòwò àdúgbò wa, kò kà á sí.

Nígbà tí lẹ́tà agbẹjọ́rò Teslim dé, a jókòó nínú pálọ̀. Abdulhafeez, àkọ́bí wọn ọkùnrin, tó ń bá wọn bójú tó ilé búrẹ́dì, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Òun náà ló ní kí a kọ ọ̀rọ̀ òun síbí.

“Mọ́mì, a ò fún un ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́. Ojoojúmọ́ la ń sanwó fún un. Ẹ jẹ́ ká sọ pé a ò mọ̀ ọ́n bí òṣìṣẹ́, pé ó kàn máa ń yà ni.”

“Teslim náà la ò mọ̀?”

“Bí ẹ bá gbà pé òṣìṣẹ́ yín ni, ibi iṣẹ́ yìí lè wọlẹ̀. Àwọn mẹ́rìndínlógún tó kù ńkọ́?”

 Níkẹyìn, Alhaja fọwọ́ sí ìwé tí agbẹjọ́rò wa kọ.

Ní oṣù kejì ọdún 2020, a lọ sí kóòtù tí ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Teslim ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bó ṣe rí Alhaja, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbé e, ó sì fi èjìká lu ilẹ̀. Láti ilẹ̀ ibẹ̀ ló ti ń kí wọn.

“Ẹ kú àárọ̀, Mọ́mì. Ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti lọlẹ̀?”

 Lateefah, ọmọbìnrin wọn àgbà, ló di Alhaja mú wọlé. Nígbà tí agbẹjọ́rò wa bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé náà, tó dé ibi tó ti sọ pé ilé-iṣẹ́ wa kò gba ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ Teslim Fákúnlé síṣẹ́ rí, Alhaja nawọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dìde.

“Olúwa mi, ẹ jọ̀ọ́, kó má kà á mọ́.”

Obìnrin ni adájọ́ náà. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. “Màmá, agbẹjọ́rò yín wà níbí. Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ?”

“Mo mọ̀ ọ́n, Mà. Ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọ yìí fi bá mi ṣiṣẹ́. Èmi ni mo gbà á. Irin ẹ̀rọ yẹn ṣẹ́, mo rí i, mo ní kó ṣì máa rọra lò ó. Òṣìṣẹ́ mi ni. Irọ́ ni mo fọwọ́ sí.”

Ohùn tí ariwo ẹ̀rọ òwú ti kọ́ yẹn ni wọ́n fi sọ ọ́. Àwọn tó wà lóde gbọ́ ọ.

Níwájú adájọ́ yẹn ni a ti fẹnu kò lórí ohun tó tọ́ sí Teslim. Kí Alhaja tó lè san án, wọ́n ta ọ̀kan nínú ọkọ̀ búrẹ́dì méjèèjì, àti ilẹ̀ tó wà ní Èjìgbò, tí wọ́n ti sọ fún Abdulhafeez pé tirẹ̀ ni. Abdulhafeez bínú kúrò nílé. Fún ọdún kan ó lé díẹ̀, kò pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Nínú ààwẹ̀ ọdún 2021, ó wọlé lásìkò ìṣínu, ó gbé dàbínù dání, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Alhaja wò ó. Wọ́n ní, “Dìde jókòó. Ògì ń tutù.” Ọ̀rọ̀ náà kò tún wáyé láàárín wọn mọ́. Teslim ti padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà. Ó ti fi ọwọ́ òsì kọ́ ìwé kíkọ, òun ló sì ń bójú tó bí búrẹ́dì ṣe ń jáde.

Ní ọdún 2020 tí ẹjọ́ náà parí ni Alhaja forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ náà, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń gbé fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ kiri fún àwọn oníṣòwò mìíràn. Ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́rú, wọ́n á ti Òkè-Afa lọ sí Èjìgbò, wọ́n á gba Àgọ́ Palace bọ̀, láti ọ̀dọ̀ káfíńtà dé ọ̀dọ̀ oní-píọ́-wọ́tà. Àwọn kan á rí wọn lókèèrè, wọ́n á tilẹ̀kùn. “Ìyá Fọ́ọ̀mù ti dé o!” Orúkọ náà mọ́ wọn lórí, wọ́n sì ń jẹ́ ẹ.

Àǹtí Diamond, tó ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Àgọ́ Palace, bá wọn jiyàn gan-an. Ó ní, “Alhaja, ẹ̀rọ ìránṣọ ò lè gé ọwọ́ ẹnikẹ́ni.”

“Iná mànàmáná ńkọ́?”

Diamond rẹ́rìn-ín, ó sì kọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí ìyá àgbà lè fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, iná gbé Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, ọ̀kan nínú wọn, níbi tó ti ń yí iná jẹnẹrétọ̀ padà. Ó fi ọkọ àti ọmọ méjì sílẹ̀. Títí di òní ni àjọ ń fi ohun tó tọ́ sí àwọn ọmọ náà ránṣẹ́ sí wọn lóṣooṣù. Nígbà tí Diamond mú ìwé náà wá fi han Alhaja, ó kúnlẹ̀ ó ń dúpẹ́. Alhaja fi ọwọ́ bo ojú. “Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kí ọmọ yẹn wà láàyè ni ì bá dára jù.”

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bu ọwọ́ lu òfin adójútòfò tuntun ní ọdún 2025, àtọ̀gbẹ ti dá Alhaja dùbúlẹ̀. Wọ́n ní kí Nafeesah, ọmọ Lateefah, wá kà á sí àwọn létí, kí ó máa túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá.

“Màámá, ó gùn gan-an o.”

“Ṣé o níbì kan tí ò ń lọ ni? Kà á.”

Wọn kò gbọ́ ọ parí. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní ọdún 2026, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Alhaja dágbére fáyé nínú ilé wọn ní Òkè-Afa, ní ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin. A sin wọ́n lọ́jọ́ kan náà.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni Lateefah, Abdulhafeez, Abdulwasiu àti Olúfọlákẹ́, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, àtọmọdọ́mọ méjì, àbúrò wọn kan ní Òkèhò, àti àwọn òṣìṣẹ́ mọ́kànlélógún.

Ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa ṣe àdúà, ohun kan kù tí Alhaja ní kí a kéde. Bí ẹnikẹ́ni bá wà tó bá wọn ṣiṣẹ́ rí kí ọdún 2020 tó dé, tó farapa níbẹ̀, tí kò rẹ́ni bá sọ ọ́, kó wá bá wa. Kò ní láti mú ìwé kankan dání. A ó gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gbọ́.

Àṣàbí, ọmọ Òkèhò, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Kí Ọlọ́run foríjì yín, kí ó mú sàréè yín gbòòrò, kí ó sì fi àlùjánnà kẹ́ yín. Ẹ sinmi o, ìyá wa; oorun ire.