Ọwọ́ Òsì Àlàó

Inísà, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú.

Bísí, ọmọ Àlàó ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀.

Àtìgbà tí ọwọ́ ọ̀tún Àlàó ti rọ, kò gbẹ́ ère mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ sí Ìkìrun lọ wá ẹni tí yóò ra àwọn igi tí Àlàó fi ń gbẹ́ ère.

Lónìí, Délé ayàwòrán wá láti Òkukù, ó fi pẹ́ńsù ya Àlàó. Nínú àwòrán náà, ó fi ọ̀bẹ ìgbẹ́gi sí i lọ́wọ́ òsì.

Àlàó ní, “Ọ̀dẹ̀! Ta ló ń fi òsì gbẹ́gi?”

“Èyí tó ń ṣiṣẹ́ lára rẹ ni mo yà.”

Nígbà tí Délé lọ, Àlàó mú ọ̀bẹ. Ó gbẹ́ imú kan. Imú náà wọ́, ṣùgbọ́n imú ni.

Bísí, láàárọ̀ ọ̀la, lọ bá ìyá rẹ. Sọ fún un pé kò gbọdọ̀ ta igi kankan.