Ògbufọ̀ Tó Dọ̀bálẹ̀ Kí Mi

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́.

Ọ̀dọ̀ ọmọ mi lókè òkun ni mo wà. Ìjọba ìpínlẹ̀ ibẹ̀ ń fún àwa àjèjì ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nílé ìwòsàn. Mo kàwé, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò yé mi. Ìtọ̀ tí n kò lè mú mọ́ra mọ́ ni mo torí rẹ̀ lọ. Ògbufọ̀ náà, ọmọ Yorùbá, dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí mi níwájú dókítà.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Kí ló ń ṣe yín?”

Ojú tì mí. “Orúnkún ni, ọmọ mi.”

Ìpara orúnkún ni wọ́n fún mi. Mo sì ń fọ aṣọ ibùsùn ní ìkọ̀kọ̀.

Ẹ̀yin olùgbọ́, báwo ni mo ṣe lè béèrè ògbufọ̀ obìnrin láìba ọmọlúàbí yẹn lórúkọ jẹ́?