Omi Wọ Àgọ́

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù Karùn-ún, ìlú Osh
Agbègbè kọ̀ọ̀kan ló ra ẹ̀rọ tirẹ̀ fún ilẹ̀kùn tó ń sé omi tí wọ́n fi ń rin oko. Ti ibí ò gbọ́ èdè ti ọ̀hún. Iṣẹ́ wa: ká ya àwòrán ìpìlẹ̀ kan tí gbogbo wọn yóò máa tẹ̀ lé — ohun tó ń wọn omi, ohun tó ń ṣílẹ̀kùn, ohun tó ń pàṣẹ lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìgbìmọ̀ ìjọba yóò mú ọ̀kan, tiwa tàbí ti Marlen ará Bishkek, olú-ìlú wa. (Onígun-Mẹ́rin ni mò ń pè é. Gbogbo nǹkan ló ń yà bí àpótí.) Bí wọn ò bá mú tiwa, iṣẹ́ Ẹ̀gbọ́n Sayra tán. Òun ni ọ̀gá mi, òun ló mú mi wá síbi iṣẹ́ láti abúlé.

Ọjọ́bọ̀, 9
Ọ́fíìsì nìkan ló ń pàṣẹ nínú àwòrán wa. Mo ní, olùpín omi abúlé ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n Sayra ní, "Ẹlẹ́nu, ọ́fíìsì kì í gba rìbá. Jẹ́ n ṣiṣẹ́."

Ìṣẹ́gun, 14
A dán ẹ̀rọ wa wò lẹ́nu ilẹ̀kùn omi abúlé wa. Ó ṣí, ó tì. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 16
Bàbá Kubat, ará ilé mi lábúlé, kú. Lábúlé wa, ilé ọ̀fọ̀ kì í gba omi oko. Olùpín omi a yí i sóko aládùúgbò, aládùúgbò a dá a padà fún wọn tó bá yá. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ẹ̀rọ ò gbọ́ — àsìkò omi ilé Bàbá Kubat pé, ó ṣílẹ̀kùn. A ti gba kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn lọ́wọ́ olùpín omi, kò sẹ́ni tó lè tì í. Omi wọ àgọ́ tí wọ́n tẹ́ òkú sí. Àwọn obìnrin ló fọwọ́ gbé òkú sókè. Mamasaly, olùpín omi, wá bá mi: "Tilek, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀rọ yín gbìyànjú, ó wá bá wa kẹ́dùn."

Àìkú, 19
Mo ní ká jẹ́ kí ọwọ́ ènìyàn lè borí àṣẹ ọ́fíìsì, lẹ́nu ilẹ̀kùn gan-an. Ẹ̀gbọ́n ní a ti fi àwòrán ránṣẹ́, kí n pa ẹnu mọ́ ní ìpàdé. Mo ní mi ò lè ṣe é, àgọ́ ará ilé mi ni. Ó ní, "Èmi wá ńkọ́? Ará ilé ta ni mí?"

Ẹtì, 24
Alága ìgbìmọ̀ bi wá bóyá nǹkan kan bàjẹ́ nínú ìdánwò. Mo dìde. Ẹ̀gbọ́n fa ẹ̀wù mi. Mo sọ ọ́ — àgọ́, òkú, gbogbo ẹ̀. Alága bi Ẹ̀gbọ́n, ṣé òótọ́ ni? Ó tú ẹ̀wù mi sílẹ̀. "Òótọ́ ni. Àbúrò mi kì í purọ́."
Wọ́n bi Marlen nípa tiẹ̀. Ó ní kò sí àléébù kankan. Mo ní ṣé ó ti dán an wò? Ó ní kò tíì kàn án. Tiẹ̀ ni wọ́n mú. Àṣẹ ọ́fíìsì nìkan ló wà níbẹ̀, bíi tiwa gẹ́lẹ́.
Ẹ̀gbọ́n Sayra di ẹrù rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ kó dárí jì mí. Ó ní, "Ẹlẹ́nu, gbé àpótí yẹn."
Mo gbé e.