Mo Fọwọ́ Sí Búrẹ́dì Tí Mi Ò Ṣí Wò

Rodelyn ọmọ mi, Inday mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Maníla? Ṣé òjò ò wọ yàrá yín mọ́? Ọlọ́run tó mú ọ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ láìséwu, òun náà ni yóò mú ọ padà wá bá wa lórí òkè yìí pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì, kì í ṣe nínú fọ́tò. Kí ọ̀gá rẹ máa fojú rere wò ọ́, kí ẹni tí ẹ jọ ń gbé yé jí ọṣẹ rẹ lò. Ìyá rẹ kí ọ, Mayumi ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ kí ọ, ẹfọ̀n wa náà kí ọ, ó ti bímọ, abo ni.

Fóònù tí o fi ránṣẹ́ ṣì wà. Ó ṣubú sínú omi lọ́sẹ̀ tó kọjá, Manang Choleng aládùúgbò wa wá ní fóònù tó bá mumi, ìrẹsì ló ń fẹ́. Mo gbé e sínú ago ìrẹsì kan láti àárọ̀ dalẹ́, ara rẹ̀ sì yá. Nígbà tí mo wo ago náà, kò dín rárá, nítorí náà a da ìrẹsì náà padà sínú ìkòkò. Fóònù yín ò jẹun púpọ̀, ìyẹn dára.

O máa ní kí ló dé tí mi ò fi fóònù náà pè ọ́ nígbà náà, tó jẹ́ lẹ́tà ni mò ń kọ. Orí àpáta ẹ̀gbẹ́ ilé ìjọsìn nìkan ló ti ń gbọ́rọ̀, ìsàlẹ̀ àpáta yẹn gan-an sì ni Manang Choleng máa ń sá aṣọ sí. Ó ti mọ ọ̀rọ̀ yìí ná o, gbogbo òkè ló mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ó gbọ́ bí ohùn mi ṣe máa rí nígbà tí mo bá ń sọ ọ́ fún ọ.

Inday, ojú ń tì mí. Jẹ́ kí n tètè kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi bàbá rẹ ni mo gba búrẹ́dì bíbu fún àwọn ọmọ ilé-ìwé wa, mo sì fọwọ́ sí i pé ó dára.

O rántí Leonila tí ẹ jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, tó máa ń jẹ ìdí pẹ́ńsùlù. Ó ti di tíṣà níbí, òun náà ló sì ń bójú tó oúnjẹ tí ìjọba ń fún àwọn ọmọ tó bá rù jù. Oúnjẹ yẹn kì í ṣàdédé dé. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé àwọn ọmọ sórí òṣùwọ̀n, wọ́n á wo bí wọ́n ṣe ga tó, wọ́n á kọ orúkọ àwọn tó rù. Leonila á gbé ìwé náà sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ nílùú, ọ́fíìsì á wá agbaṣẹ́ṣe tó máa ṣe búrẹ́dì, agbaṣẹ́ṣe á fi ọkọ̀ gbé e gun òkè wá. Ó gba oṣù mẹ́ta gbáko.

Ibi òṣùwọ̀n yẹn ni ojú ti kọ́kọ́ tì mí. Nígbà tí mo gbọ́ pé ọmọ tó bá rù ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀, mo kó òkúta mẹ́fà sínú àpò Mayumi, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé èmi àti ìyá rẹ ń febi pa ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń wa ọkọ̀ kiri ní ìdálẹ̀. Bó ṣe gun òṣùwọ̀n ni àpò náà ya. Leonila ṣa òkúta náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò ó sórí tábìlì bí ẹyin, ó ní kí Mayumi tún gùn ún. Nínú ọmọ mọ́kànlélógójì tó wà lórí ìwé náà, Mayumi ni ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Ìyá rẹ sunkún títí ìrẹsì fi jóná.

Ìwé ìjọba wá ní òbí kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n bá ń gba ẹrù. Èmi ni wọ́n mú, nítorí mo lè kọ orúkọ mi tán láìgbé ọwọ́ sókè. Ọjọ́ tí ọkọ̀ máa dé gan-an ni wọ́n pe Leonila sí ìpàdé nílùú. Kó tó lọ, ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta pé, Tatay Karpo, bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí gbogbo páálí, ẹ kà á, ẹ wò ó dáadáa, kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ṣé ẹ gbọ́ mi, Tay? Mo ní ìwọ ọmọdé yìí, ṣé mo dití ni?

Mo wọ ẹ̀wù funfun tí mo fi gbé ìyá rẹ níyàwó. Ọkọ̀ dé lọ́sàn-án gangan, awakọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Wilmer, ọmọ dáadáa ni, òógùn bò ó, eruku bò ó, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sínú odò lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé. Ó já páálí méjìlá sílẹ̀. Ó ní, Tay, ẹ ṣí i kí ẹ wò ó, kí ẹ fọwọ́ síbí, kí n máa lọ.

Inday, o mọ bí a ṣe tọ́ ọ. Ẹni tó bá gbé ẹ̀bùn wá, ọwọ́ méjèèjì la fi ń gbà á, igun ilé la ń gbé e sí, a ó fún ẹni náà lóúnjẹ, a ó sìn ín sọ́nà, ìgbà tó bá ti rìn jìnnà la tó ń ṣí i. Ẹni tó bá ṣí i lójú ẹni tó gbé e wá, ó ń sọ pé òun ò rí irú rẹ̀ rí, tàbí pé òun ò fọkàn tán onítọ̀hún. Ìwọ gan-an, o ti gba ìgbátí kan lọ́wọ́ ìyá rẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún márùn-ún. Ìjọba lódidi wá rán ọmọ wá, ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sódò, kí n wá máa tú ẹrù rẹ̀ lójú rẹ̀ bí ẹni tó ń wá olè?

Mo ní rárá o, ọmọ mi, a kì í hu irú ìwà bẹ́ẹ̀ níbí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀yin lẹ mọ̀, Tay. Ìyá rẹ ti pa adìẹ dúdú, ó ti fi ìbẹ́pẹ tútù àti koríko ọba sè é. Wilmer jẹun, ó tún bu ọbẹ̀ sí i.

Ìgbà náà ni mo jókòó ti fọ́ọ̀mù. Ẹ̀dà mẹ́ta ni, mo rò pé ìjọba máa ń gbàgbé nǹkan ni wọ́n ṣe fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Àyè kékeré kan wà tí mo kọ méjìlá sí. Àyè ńlá kan wá wà nísàlẹ̀ tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, mo sì rò pé kò dára kí a dá ìwé ìjọba padà lófìfo, ni mo bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Gbogbo rẹ̀ dára púpọ̀, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á fún yín ní àlékún, ẹ kí àwọn ará ilé. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Inday, ibẹ̀ ni wọ́n ní kí a kọ àwọn tó bá bàjẹ́ sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ mọ́kànlélógójì jókòó, kálukú pẹ̀lú ago tirẹ̀. Leonila ṣí páálí àkọ́kọ́, ó dára. Ó ṣí èkejì, ó pa á dé kíákíá. Méje nínú méjìlá ló ti bu. Mayumi yọjú wò ó, ó wá pariwo sí èmi bàbá àgbà rẹ̀ pé, Lolo, búrẹ́dì yìí ti dàgbà o, ó ti hu irùngbọ̀n! Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín, èmi àti Leonila. Ó bi mí pé, Tay, ṣé ẹ ṣí i? Mo wo ẹsẹ̀ mi. Kò bi mí lẹ́ẹ̀kejì, ì bá sàn bó bá bú mi.

Ó gun àpáta lọ, ó fi fóònù ya fọ́tò búrẹ́dì náà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì. Mo ní kó gbé fóònù náà sún mọ́ ọn kí òórùn rẹ̀ lè wọlé dáadáa. Ọ́fíìsì dá a lóhùn pé ìwé tó wà lọ́wọ́ àwọn ní gbogbo rẹ̀ dára púpọ̀, pé bóyá òun tíṣà ni kò tọ́jú ẹrù ìjọba bó ṣe yẹ, pé kó kọ àlàyé wá. Orúkọ Leonila ni wọ́n fẹ́ kọ sílẹ̀ pé òun ló jẹ̀bi, Inday. Ọmọ tó ń jẹ ìdí pẹ́ńsùlù.

Búrẹ́dì tó kù tán ní ọjọ́ kẹta. A wá ń gbé ohun tí a ní wá: mo wa ọ̀dùnkún oko wa lọ síbẹ̀, àwọn kan gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá, ìyá rẹ fi ewé mọ̀ríńgà se ìrẹsì oníomi. Manang Choleng gbé ìkòkò tirẹ̀ wá, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, Karpo, ẹ má wò ó o, ẹ kàn fọwọ́ sí i. Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ń kọjá, àwọn ọmọ á na ewé sí mi, wọ́n á ní Lolo, ẹ fọwọ́ sí i.

Ní ọjọ́ kẹrin tí ẹrù dé, mo di páálí búrẹ́dì bíbu méjì mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì náà láìsọ fún Leonila. Obìnrin kan tó wọ dígí ojú ló jókòó síbẹ̀. Ó wá ìwé wa jáde, ó kà á sókè, ó dé ibi ẹ kí àwọn ará ilé, ẹ̀rín sì gbọ̀n ọ́fíìsì náà. Ó ní, Tatay, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ èyí? Mo ní èmi ni. Mo ní tíṣà ò sí nílé, ó ti kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta, èmi ni mi ò ṣí i, nítorí ojú ń tì mí láti ṣí i. Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Ó bi mí níbi tí mo ti wá. Ó wá fún mi ní ìwé funfun kan, ó ní bí a bá sọ ọ́ kí ọjọ́ márùn-ún tó pé, agbaṣẹ́ṣe ṣì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí n kọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, bó ṣe rí gan-an. Wákàtí kan ni mo fi kọ ìlà mẹ́fà. Èyí tí mò ń kọ sí ọ yìí ti gùn jù ú lọ, ó sì tún le jù ú lọ.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni Wilmer tún dé. Leonila wà nílé lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀bẹ ọwọ́ mi lòun fẹ́ kí wọ́n fi ṣí i. Gbogbo òkè ló jáde wá wòran. Mo ní, Wilmer, ọmọ mi, forí jì mí. Mo ṣí àkọ́kọ́. Mo tún ní forí jì mí, mo ṣí èkejì. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ dé ìkarùn-ún, ó ní, Tay, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé bẹ̀ mí, kì í ṣe èmi ni mò ń fún yín. Bí ẹ bá ra iyọ̀, ṣé owó orí kì í sí lórí rẹ̀ ni? Owó yẹn ni ìjọba fi rà á, ti àwọn ọmọ yín ni búrẹ́dì yìí, èmi kàn ń gbé e wá ni.

Mo ṣí èyí tó kù láìtọrọ àforíjì mọ́. Nínú páálí kẹsàn-án, búrẹ́dì méjì ti rún. Mo wo Leonila, ó wo òkè. Mo wá kọ ọ́ sínú àyè ńlá yẹn pé méjì ti rún. Wilmer fọwọ́ sí abẹ́ rẹ̀, kò tilẹ̀ bínú. Ó bi mí bóyá adìẹ wà.

Adìẹ wà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó ti wọlé, ìyá rẹ ní kí n má gbàgbé: Wilmer ti jẹ adìẹ wa méjì, àkùkọ nìkan ló kù, òun náà sì ti ń fura. Bí o bá rí nǹkan kékeré fi ránṣẹ́, ká lè ra abo méjì kí ọkọ̀ tó tún dé. Bí kò bá sí, má ṣe yá a.

Ó ku ohun kan, Inday, òun gan-an ni kò jẹ́ kí n sùn láti ìgbà tí mo ti ṣí páálí yẹn. Bàtà dúdú tí o gbé wá fún mi ní ọdún kejì tí o lọ sí Maníla, mo gbé e sí igun ilé, ìgbà tí o wọ ọkọ̀ lọ tán ni mo tó ṣí i. Kò gba ẹsẹ̀ mi. Mo kọ ọ́ sí ọ pé ó ṣe régí. Ìgbàkígbà tí o bá ń bọ̀, mo máa ń wọ̀ ọ́ wá pàdé rẹ ní etí òkun, o máa ń bi mí ìdí tí mo fi ń tiro, mo máa ń ní orúnkún ni. O ti ra oògùn orúnkún fún mi lẹ́ẹ̀mẹta. Mo lò ó tán. Orúnkún mi ò dùn mí rí.

Kí Ọlọ́run fún ọ lẹ́mìí gígùn, kí ọwọ́ rẹ má ṣófo, kí ojú má tì ọ́ láàárín àwọn àjèjì. Bí o bá ń bọ̀ fún Kérésìmesì, ohunkóhun tí o bá dì wá, jókòó tì mí títí n ó fi ṣí i. Ẹsẹ̀ lásán ni mo máa fi wá pàdé rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Policarpio
(mo ti kà á wò kí n tó fọwọ́ sí i)