Ààlè tí Mo Pa sí Ara Fìríìjì Àna Mi

Ìgándò,
ọdún owó Udójì.

Sàúdátù Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé ara le? Ibikíbi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ní Yábà, kí Ọlọ́run jẹ́ kó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àgbàdo wa ti gbó. Ìyá rẹ, Àdíját, wà láàyè, ṣùgbọ́n ó ti tó ọjọ́ mẹ́tàdínlógún tí kò bá mi sọ̀rọ̀. Bó bá gbé oúnjẹ mi wá, ewúrẹ́ ló ń sọ fún pé oúnjẹ ti délẹ̀. Tíṣà Festus, tó ń kọ́ àwa àgbà níwèé ní ìrọ̀lẹ́, ló ń bá mi kọ èyí. Òun náà ló ka lẹ́tà rẹ fún mi, níbi tí o ti bèèrè ohun tí mo ṣe fún àwọn àna mi tí wọ́n fi bínú lọ. Mo ní kó ká a padà sínú àpò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn. Ojú ló ń tì mí.

O mọ̀ pé Yésúfù àfẹ́sọ́nà rẹ fi owó Udójì tí ìjọba san fún àwọn òṣìṣẹ́ ra fìríìjì fún mi, ó ní kí ọlọ́kọ̀ gbé e wá kí àwọn ẹbí òun tó wá mọ̀ wá. Ọlọ́kọ̀ náà sọ fún mi pé bí a bá ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣáá, òtútù inú rẹ̀ yóò jáde lọ. Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú. Lóòótọ́, iná mànàmáná kò tíì dé Ìgándò, àpótí náà kò sì tíì tutù, ṣùgbọ́n mo rò pé òtútù náà ń kóra jọ díẹ̀díẹ̀ ni, bí omi ṣe ń sun sínú kànga. Àwọn ará àdúgbò kò wá jẹ́ kó sinmi. Ẹni tó wá kí mi á ṣí i, ẹni tó wá yá ọkọ́ á ṣí i, á ki orí bọ̀ ọ́. Ni mo bá pa ààlè sí i lára bí a ti ń pa á sí ìdí iṣu, kí ẹni tó bá fọwọ́ kàn án lè mọ̀ pé èpè wà níbẹ̀: ìkarahun ìgbín kan, àkísà pupa, àti ìgbálẹ̀ tó ti jẹ tán. Ràímì aládùúgbò wa ní kí n yọ ọ́ jàre, pé àwọn àna mi ń bọ̀ lọ́la. Mo ní àbí òun ni yóò kọ́ mi bí a ti ń ṣọ́ ẹrù?

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n dé. Alájì Ṣàíbù, bàbá Yésúfù, kó ìgò mínírà lọ́wọ́, ó ní kí òun tò ó sínú fìríìjì tí ọmọ òun rà. Ó nawọ́. Ó rí ààlè. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, kò wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó fa ọwọ́ padà bí ẹni tí iná jó, ó bèèrè pé ṣé àwọn ni olè tí mo ń retí. Sàúdátù, ibẹ̀ yẹn ló yẹ kí n ti rẹ́rìn-ín, kí n já nǹkan náà dànù, kí n bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n o mọ bàbá rẹ. Àwọn èèyàn ń wò mí, Ràímì sì ń mirí. Mo ní ẹni tí kì í bá ṣe olè, kí ló kàn án nínú ọ̀rọ̀ ààlè. Wọ́n kó mínírà wọn. Wọn kò mu omi wa.

Nítorí pé Alájì ti ṣe akọ̀wé kóòtù rí, mo ní kí Festus bá mi kọ Gẹ̀ẹ́sì sí i, kó lè wúwo. Mo ní kó kọ pé mo pa ààlè kí òtútù má baà jáde, ó parí. Festus ní Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ méjì kan, sóò àti dáàtì. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí méjèèjì bá di ọwọ́ ara wọn mú, ohun tí èèyàn ní lọ́kàn ni wọ́n ń sọ, ohun tó fẹ́ kó ṣẹlẹ̀, ì báà ṣẹlẹ̀, ì báà má ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi nǹkan sí àárín wọn, bí nǹkan náà ti pọ̀ tó ni wọ́n ń sọ, ohun tó sì tẹ̀lé dáàtì ti ṣẹlẹ̀ tán, a kò lè kó o padà. Mo ní kó kọ ti àkọ́kọ́ nìkan. Ó ní gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ ló fẹ́ràn ti àkọ́kọ́. Mo lé e jáde.

Lánàá mo já ààlè náà dànù, mo ránṣẹ́ pe Festus padà, mo bi í pé kí ni kí a fi sí àárín. Ó ní èmi ni kí n sọ ọ́. Mo ní kó kọ pé ìgbéraga mi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àna mi fi kúrò nílé mi láìmu omi. Ó kọ ọ́, kò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì náà wà lábẹ́ ẹní mi. Èmi fúnra mi ni yóò mú un lọ bá wọn ní Múṣin lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó ń bọ̀. A kì í gbọ́ pé bàbá ìyàwó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ọkọ, ṣùgbọ́n n ó dọ̀bálẹ̀, bí Alájì bá sì ní kí n dìde, n kò ní í tètè dìde.

Ìgbà gbogbo ni mo máa ń bèèrè owó tábà àti owó irúgbìn lọ́wọ́ rẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, owó ọkọ̀ nìkan ni kí o fi rán ọlọ́kọ̀ Ìkòtún sí mi, owó àlọ péré. Bí wọn kò bá dárí jì mí, ẹsẹ̀ ni n ó fi rìn bọ̀.

Má sunkún mọ́. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí agídí mi gba ọkọ lọ́wọ́ rẹ. Ilé tí ò ń lọ yóò gbà ọ́, o ò ní í ru ẹ̀bi tèmi wọ ibẹ̀. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jàfárù.