Màmá, Ẹ Jẹ́ Kí Sùnkànmí Máa Lọ

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti Winnipeg níbí, níbi tí mo ti ń wo yìnyín lójú fèrèsé. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àbójútó àwọn aboyún Iléṣà. Mo kí Bùọ̀dá Bọ̀dé àtìyàwó wọn ní Òṣogbo. Ara mi le. Òtútù ibí kì í mọ́ni lára. Ńṣe lèèyàn kàn ń wọ aṣọ lé aṣọ. Ọjọ́ Àìkú ni àárò máa ń sọ mí jù, nítorí kò sí ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn láìjẹ́ pé ó ti sọ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ẹ pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ ọ lóhùn yín pé ó ti rẹ̀ yín. Ẹ ní kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn kọ̀, kò ṣí láàárọ̀ ọjọ́ àwọn aboyún. Obìnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru jókòó, nọ́ọ̀sì kò sì rí oògùn tí ẹ kọ fún un nígbà tó wá kẹ́yìn. Ẹ pe Sùnkànmí tó ń tún kọ̀ǹpútà yín ṣe títí, kò gbé e. Ẹ ní kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Mo bi yín pé kí ló dé tí ẹ kò wá ẹlòmíì. Ẹ ní òun ló gbé kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ wọ ilé ìwòsàn yín, pé nígbà tí Bàámi kú, òun ló dúró bí ọmọ, tó ń fi mọ́tò rẹ̀ kó àlejò láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Ẹ ní ojú wo lẹ máa fi wò ó. Èsì ìbéèrè yẹn ni mo ń kọ yìí, mo sì kọ ọ́ síta kí àwọn mìíràn tó ní ilé ìwòsàn kékeré bíi tiyín lè rí i kà.

Ẹ mọ̀ pé irú iṣẹ́ Sùnkànmí lèmi náà ń ṣe níbí. Iléeṣẹ́ wa ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà àwọn ilé ìwòsàn. Ohun tí n kò tíì sọ fún yín ni pé ilé ìwòsàn kan gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, èmi ni mo sì gba dókítà wọn níyànjú pé kó gbà á.

Obìnrin àgbàlagbà ni dókítà náà, ó sì máa ń béèrè yín lọ́wọ́ mi. Níbẹ̀rẹ̀, bí wọ́n bá pè wá, kíá la máa ń dé. Nígbà tó yá, ọ̀gá wa gba ilé ìwòsàn púpọ̀ sí i, kò sì gba òṣìṣẹ́ kún wa. Ohun tí à ń ṣe lójú ẹsẹ̀ wá di ti ọ̀la, ti ọ̀la di ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí mo bá débẹ̀, màá bẹ̀bẹ̀, wọ́n á fún mi ní tíì, ọ̀rọ̀ á tán. Wọn kì í bínú sí mi. Àánú mi ló ń ṣe wọ́n.

Lọ́jọ́ kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn dá iṣẹ́ sílẹ̀. Mo wà ní ìlú mìíràn, yìnyín ti dí ọ̀nà. Àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bàbá kan tó ní ìtọ̀ ṣúgà wà nínú ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó lè rí i. Bàbá náà lọ sílé, ó rò pé ara òun dá, ó sì ṣubú nínú ilé ìdáná rẹ̀. Ọlọ́run yọ ọ́. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá títí ara rẹ̀ fi yá. Nígbà tí mo dé, Dókítà kò pariwo. Ó ní kí n jókòó. Ó ní ká ní ilé ìwòsàn ìyá mi ni, ṣé màá fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ wa? Màmá, ẹ̀yin ni mo rí. Mo ní rárá.

Ó bi mí pé báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé àkókò ti tó. Mo ní kì í ṣe ọjọ́ kan tí nǹkan bàjẹ́, nítorí ẹ̀rọ lè bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àkókò tó nígbà tí nǹkan kan náà bá ń bàjẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ní àwọn ti tún un ṣe, tí aláìsàn sì ń rí i kí ẹni tí à ń sanwó fún tó rí i. Ó tó nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì bá ti ń yọ́ kọ nǹkan sí bébà nítorí wọn kò gbọ́kàn lé ẹ̀rọ mọ́. Èyí tó burú jù ni kí gbogbo pásíwọọdù wà lọ́wọ́ ẹnì kan, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀ bóyá ẹ̀dà fáìlì tó ní òun ń tọ́jú ṣeé ṣí. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń mi orí.

Wọ́n mú iléeṣẹ́ mìíràn. Mo lọ sọ ohun tí mo ṣe fún ọ̀gá mi fúnra mi. Ó ní òun kò ní lé mi, ṣùgbọ́n kí n lọ fa iṣẹ́ náà lé àwọn tuntun lọ́wọ́. Mo jókòó ti ọ̀dọ́bìnrin tó gbapò mi, mò ń fọ̀nà hàn án bí ẹni tó ń fi ilé han ayálégbé tuntun. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jáde, ara mi fúyẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi pe Sùnkànmí. Ẹ má bínú pé n kò gba àṣẹ. Ó kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, ó ń béèrè òtútù, kó tó wá jẹ́wọ́ fún mi. Ó ní ìjọba ìpínlẹ̀ ti gba òun síṣẹ́ ní Òṣogbo, pé láàárọ̀ tí ẹ ń pè, òun wà níwájú ọ̀gá òun. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti fẹ́ sọ fún ẹ̀yin Mátíróònù kí ẹ wá ẹlòmíì, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba òun kí ẹ má lọ rò pé òun ríṣẹ́ ìjọba, òun gbàgbé yín. Màmá, ó sunkún. Ẹ̀yin ń tijú rẹ̀, òun náà ń tijú yín, obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru sì wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì.

Òun ló ní kí n má fi orúkọ òun pa mọ́. Yóò wá sí Iléṣà lọ́jọ́ tí kò bá níṣẹ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó mọ ọmọbìnrin kan níbẹ̀ tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ilé ìwé, ṣùgbọ́n ẹ fojú ara yín wò ó kí ẹ tó gbà á. Kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Kí ọmọbìnrin náà ṣí ẹ̀dà àwọn fáìlì níṣojú yín kí Sùnkànmí tó lọ, kí pásíwọọdù sì wà nínú àpótí yín, kì í ṣe nínú orí ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì ṣe é lọ́jọ́ àwọn aboyún.

Tí wọ́n bá parí, ẹ gúnyán fún Sùnkànmí. Ẹ fi í jókòó sí pálọ̀. Láti ìgbà tó ti ń wọlé yín, kò sọ́jọ́ tó jẹun tán kí ẹnì kan má tún pè é pé kó wá wo nǹkan. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ jẹ́ kó jẹun yó bí àlejò.

Ọlọ́run yóò fi ìrọ̀rùn bù kún ọjọ́ ogbó yín. Ọwọ́ tí ẹ fi ń gbẹ̀bí ọmọ ọlọ́mọ kò ní gbọ̀n, ẹ ó sì fi gbé ọmọ tèmi náà. Mo kí gbogbo nọ́ọ̀sì, mo kí àwọn ará ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Kọ́lápọ̀